Ìrònúpìwàdà: Ìyípadà Ẹ̀dá-Ìtàn ní Òpin Àwọn Ìwé Ìtàn Àkọ́kọ́, 1866 sí 1954

1. Ìfáàrà

Èrò kan wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ ní èdè Faransé: wọ́n a ní àwọn ẹ̀dá-ìtàn inú ìwé Yorùbá àtijọ́ kì í yí padà. Wọ́n a ní ẹni tí ó burú ní ojú ìwé kìíní yóò burú dé òpin, ẹni tí ó dára yóò sì dára títí, àti pé nítorí èyí, ìtàn Yorùbá kò tíì kúrò ní ipò àlọ́. Àwọn tí ń kọ ìwé fún iṣẹ́ ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, ní tiwọn, a máa ṣe òdì kejì èyí. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé pélébé tí a ń kọ fún àgbàlagbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà, ọ̀lẹ a máa di òṣìṣẹ́, ọ̀mùtí a sì máa jáwọ́ nínú ọtí, láàárín ojú ìwé méjì péré.

Èrò méjèèjì ta ko ara wọn, ṣùgbọ́n orísun kan náà ni wọ́n ti ṣàn wá. Àwọn tí ó sọ pé kò sí ìyípadà àti àwọn tí ó rò pé ìyípadà kò ṣòro kò tíì fi sùúrù bi ìwé àtijọ́ léèrè pé: kí ni ó yí padà nínú ẹ̀dá-ìtàn yìí, kí sì ni kò yí? Àpilẹ̀kọ yìí yóò gbé ìbéèrè náà ka iwájú ìwé mẹ́rin pàtàkì: ìtumọ̀ ìwé John Bunyan tí ó jáde ní Yorùbá ní 1866, ìtàn Sẹ̀gilọlá, tí ó jáde láàárín 1929 àti 1930, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà, tí ó jáde ní 1938. Àti Doguicimi ti Paul Hazoumé, tí ó jáde ní ọdún 1938 kan náà. Èdè Faransé ni a fi kọ èyí tí ó kẹ́yìn, ṣùgbọ́n ọmọ Àjàṣẹ́ ni ẹni tí ó kọ ọ́, ìlú tí Nàgó àti Gùn jọ ń gbé. Kò yẹ kí a máa ka ìwé Èkó ní yàrá kan kí a sì máa ka ìwé Àjàṣẹ́ ní yàrá mìíràn.

2. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀

Kí a tó ṣí ìwé kankan, ó yẹ kí a tú ọ̀rọ̀ tí èdè Yorùbá ń lò fún irú ìyípadà yìí. Nínú Bíbélì Yorùbá, tí ó jáde lódindi ní 1884 lẹ́yìn iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún tí Samuel Ajayi Crowther jẹ́ aṣáájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ni ìrònúpìwàdà. Apá méjì ni ó ní. Apá kìíní ni ro inú, tí ó di ronú lẹ́yìn ìpajẹ fáwẹ̀lì. Apá kejì ni pa ìwà dà, tí ó di pìwàdà. Pa…dà jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe elélà, irú èyí tí a máa ń là sí méjì kí àbọ̀ rẹ̀ lè bọ́ sí àárín. Ìwà ni ó bọ́ sí àárín níhìn-ín. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì- ni ó sọ gbogbo rẹ̀ di ọ̀rọ̀-orúkọ.

Ìtúpalẹ̀ kékeré yìí kọ́ni ní ohun méjì. Èkíní ni pé ìrònú ṣáájú. Ọ̀rọ̀ náà kò gba ẹni tí ó yí ìwà rẹ̀ padà láìronú. Èkejì ni pé a kò ju ìwà nù kí a tó gba òmíràn. Ẹ jẹ́ kí a fi paradà wé e, nítorí ìlànà kan náà ni a fi ṣẹ̀dá rẹ̀: ẹni tí ó paradà kò di ẹlòmíràn, òun náà ni, ṣùgbọ́n ojú tí a fi ń rí i ni ó yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó ronúpìwàdà. Ìwà tirẹ̀ ni ó pa dà. Kò yá ti aládùúgbò lò. Níwọ̀n bí ìwà ti jẹ́ ọmọ tí ọ̀rọ̀-ìṣe wà bí, ohun tí ẹni náà jẹ́ láti ọjọ́ tí ó ti wà ni a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Àwọn kan a máa tako èyí pé Yorùbá gba àyànmọ́ gbọ́, àti pé ẹni tí a ti yan ìpín fún kò lè yí padà. Àtakò náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwọn àgbà kì í da orí pọ̀ mọ́ ìwà. Wọ́n ní ẹni tí ó lórí rere tí kò níwà, ìwà rẹ̀ ni yóò ba orí rẹ̀ jẹ́. Bí ìwà bá lè ba orí jẹ́, a jẹ́ pé ọwọ́ ẹni tí ó ni ín ni ìwà wà.

3. Ṣáájú ìwé: Ìjàpá àti Ẹ̀fẹ̀

Òtítọ́ ni pé Ìjàpá kì í yí padà. Ó lè já bọ́ láti òkè kí ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́ wẹ́wẹ́, kí a sì tò ó pọ̀ di ohun tí a ń rí lónìí. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, nínú àlọ́ mìíràn, yóò tún dìde láti jí ẹ̀bẹ ẹlòmíràn jẹ. Àlọ́ a máa fi àpá sí ara Ìjàpá, kì í fi sí ìwà rẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: bí Ìjàpá bá ronúpìwàdà lálẹ́ òní, kò sí ẹni tí a ó pa àlọ́ rẹ̀ lọ́la. Àwọn ọmọ tí ó jókòó yí àgbà ká ni àlọ́ ń fẹ́ yí padà. Nítorí náà ni apàlọ́ fi ń parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé àlọ́ yìí kọ́ wa pé báyìí báyìí kò dára.

Ohun tí ó jọ èyí ń ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Kétu ní òru Ẹ̀fẹ̀, tí ó ṣáájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Akọrin Ẹ̀fẹ̀ a máa fi orin bá oníwà burúkú wí ní gbangba. Orin náà kì í ròyìn bí ẹni náà ṣe ronúpìwàdà. Ó ń sọ ìwà náà, ó sì ń fi ìdájọ́ lé àwùjọ lọ́wọ́. Ogún tí àwọn òǹkọ̀wé àkọ́kọ́ jẹ láti inú lítíréṣọ̀ àtẹnudẹ́nu nìyí: ẹ̀dá-ìtàn lè dúró síbi tí ó wà, kí olùgbọ́ sì kúrò níbi tí ó wà.

4. 1866: ìwé tí ó yí orúkọ padà

Ní 1866, ìtumọ̀ tí míṣọ́nnárì David Hinderer ṣe sí ìwé Bunyan jáde ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú àkọlé Ìlọsíwájú Èrò-Mímọ́. Ìtàn ìrìnàjò ni: ọkùnrin kan ru ẹrù wíwúwo, ó kúrò ní ìlú tí a ó pa run, ó sì ń lọ sí ìlú ọ̀run. Ìwé náà mú àpẹẹrẹ ìyípadà tí ó yàtọ̀ sí ti àlọ́ dé. Ẹrù já kúrò lẹ́yìn ọkùnrin náà ní ẹsẹ̀ àgbélébùú, nígbà tí ìrìnàjò kò tíì lọ jìnnà. Aṣọ rẹ̀ yí padà. Orúkọ rẹ̀ pàápàá ti yí padà, nítorí òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé orúkọ òun àtijọ́ ni Aláìní-oore-ọ̀fẹ́, kí òun tó di Kristẹni.

Àwọn tí ó ka Les Misérables ti Victor Hugo, tí ó jáde ní 1862, yóò rántí pé bẹ́ẹ̀ náà ni Jean Valjean, ẹlẹ́wọ̀n àtijọ́, ṣe di Ọ̀gbẹ́ni Madeleine lẹ́yìn tí bíṣọ́ọ̀bù ti ṣàánú rẹ̀. Orúkọ tuntun di àmì ènìyàn tuntun. Òṣùwọ̀n yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ gbé jáde láti ilé-ìwé, òun ni wọ́n sì fi ń wọn ìwé Yorùbá. Bí wọn kò bá ti rí ènìyàn tuntun ní òpin ìwé, wọ́n a ní ìyípadà kò sí.

5. 1929: ẹni tí ó ronú, tí ọjọ́ ti lọ

Láti oṣù keje 1929 dé oṣù kẹta 1930, ìwé ìròyìn Akede Eko ń tẹ àwọn lẹ́tà kan jáde láti ọwọ́ obìnrin kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá, Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, Ẹlẹ́gbẹ̀rún Ọkọ Láyé. Arúgbó ni, aláìsàn ni, kò sì ní nǹkan kan mọ́. Ó ń ròyìn bí òun ṣe fi ẹwà ṣe òwò àti bí òun ṣe tan àwọn ọkùnrin jẹ, kí àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin lè fi òun kọ́gbọ́n. Isaac Babalola Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà, ni ó kọ ọ́. Kò fi orúkọ ara rẹ̀ sí i, àwọn òǹkàwé kan sì gbà pé obìnrin náà wà láàyè ní Èkó. Ní 1930 ni àwọn lẹ́tà náà di ìwé. Lẹ́yìn tí ó ti ṣọ̀wọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, Karin Barber tún un tẹ̀ jáde pẹ̀lú ìtumọ̀ ní 2012.

Níbí ni apá méjì ọ̀rọ̀ ìrònúpìwàdà ti ya ara wọn. Ìrònú pọ̀ nínú ìwé náà ju omijé lọ. Ṣùgbọ́n ìwà tí ó yẹ kí ìrònú náà pa dà kò ní àyè mọ́. Ara tí ó fi dẹ́ṣẹ̀ ti gbó. Bí ó bá tilẹ̀ fẹ́ tún ìwà hù, níbo ni yóò ti hù ú? Ohun tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ lọ, òun ni ó sì ń ná.

Ẹni tí ó bá fi etí sí ohùn rẹ̀ dáadáa yóò tún gbọ́ ohun kan tí ó ṣe pàtàkì. Nígbà tí ó bá ń ròyìn ọgbọ́n àrékérekè tí ó fi borí ọkùnrin kan, ìròyìn náà a máa dùn mọ́ òun fúnra rẹ̀. Kò ní pẹ́ kí ẹkún tó tún gba ẹnu rẹ̀. Èyí kì í ṣe àìmọ̀ọ́kọ òǹkọ̀wé. Ìwà àtijọ́ ni ó ṣì wà lábẹ́ ìrònú tuntun, gẹ́gẹ́ bí ìtúpalẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ti fi hàn. Kò sì yí orúkọ rẹ̀ padà. Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, tí í ṣe oríkì ìyangàn nígbà èwe rẹ̀, ni ó ṣì ń pe ara rẹ̀ lórí àkéte àìsàn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó jẹ́ orin ìyìn ti di ohùn arò. Orúkọ dúró, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ó yí. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Sẹ̀gilọlá kò jáde nínú kòtò, ṣùgbọ́n láti inú rẹ̀ ni ó ti ń pariwo.

Ní ọdún 1929 kan náà, Félix Couchoro, tí a bí ní Ouidah tí ó sì lo ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀ ní Togo, tẹ L'Esclave jáde ní èdè Faransé. Nínú rẹ̀, ìfẹ́ ìkọ̀kọ̀ láàárín ẹrú kan àti aya ẹni tí ó ni ilé mú ìparun wọ agbo ilé. Ìjìyà ni òpin ìwé yẹn fi lélẹ̀, kò dúró pẹ́ lórí ìrònú. Èyí fi hàn pé ohun tí Thomas ṣe ní Èkó kì í ṣe ohun tí ọdún náà fi dandan lé òǹkọ̀wé lọ́wọ́. Òun ni ó yàn án.

6. 1938: ẹni tí ó yí ọ̀nà padà àti ẹni tí ó dúró

Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Àkàrà-Ògùn, ọmọ ọdẹ àti ọmọ àjẹ́, ni ó ń sọ ìtàn ara rẹ̀ fún akọ̀wé kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó wọ igbó, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àbọ̀ ẹ̀ẹ̀mejì àkọ́kọ́ àti ti ẹ̀kẹta ni ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ fò dá. Ní ẹ̀ẹ̀mejì àkọ́kọ́, òun nìkan ni ó lọ, fún ara rẹ̀ ni ó sì lọ. Oògùn àti ọfọ̀ ni ó gbẹ́kẹ̀ lé. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ọba ni ó rán an lọ sí Òkè Láńgbòdó, láti wá ohun tí yóò ṣe ìlú ní rere. Kò dá lọ mọ́: Kàkò Oníkùmọ̀ Ẹkùn, Ìmọ̀dòye, Olóhùn-Iyọ̀ àti àwọn akọni mìíràn bá a lọ, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹ̀bùn tirẹ̀. Ní ìrìnàjò náà ni wọ́n jókòó fún ọjọ́ méje níwájú ọlọ́gbọ́n kan, Ìrágbèje, tí ó ń fi ìtàn kọ́ wọn lọ́gbọ́n.

Ẹ kíyè sí i: ọdẹ tí ó lágbára tó bẹ́ẹ̀ jókòó láti gbọ́ àlọ́ bí ọmọdé. Àwọn kan ti bu ẹnu àtẹ́ lu apá ìwé yìí pé ìwàásù ti pọ̀ jù níbẹ̀, pé ó dá ìrìn ìtàn dúró. Ṣùgbọ́n ìrìn ni ó yẹ kí ó dúró níbẹ̀. Àyè tí Thomas kò fún Sẹ̀gilọlá ni Fágúnwà fún àwọn ọdẹ rẹ̀: ọjọ́ méje fún ìrònú, àti ọ̀nà ilé gígùn kan tí ìwà lè yí padà lórí rẹ̀. Nígbà tí Fágúnwà kọ Ìrìnkèrindò Nínú Igbó Elégbèje ní 1954, ó tilẹ̀ fi orúkọ náà pe ibi tí àwọn ọdẹ ń lọ: Òkè Ìrònú.

Kí wá ni ó yí padà nínú Àkàrà-Ògùn? Ìgboyà rẹ̀ kò dín, orúkọ rẹ̀ kò yí. Ẹni tí a sọ lórúkọ nítorí oògùn ṣì ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ títí ó fi parẹ́ mọ́ àwọn olùgbọ́ lójú ní òpin ìwé. Ẹni tí ó ń lo agbára náà fún ni ó yí padà, láti orí ara rẹ̀ dé orí ìlú. Àmì rẹ̀ tí ó hàn jù wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé: arúgbó ọdẹ tọ akọ̀wé lọ, ó ní kí ó mú kálámù àti ìwé, kí ó kọ ìtàn òun sílẹ̀ kí aráyé lè jèrè rẹ̀. Ọdẹ tí ó ń ti igbó bọ̀ pẹ̀lú ẹran tẹ́lẹ̀ ń bọ̀ pẹ̀lú ẹ̀kọ́. Ìyípadà náà ti parí kí òǹkàwé tó ṣí ìwé. Òun gan-an ni ó mú kí ìwé wà.

Ní ọdún yìí kan náà ni Hazoumé tẹ Doguicimi jáde ní Paris. Ààfin Àgbómẹ̀ ní ìgbà ọba Guézo ni ibùdó ìtàn rẹ̀. Doguicimi jẹ́ aya Toffa, ọmọ-ọba tí àwọn ará Hounjroto ní ilẹ̀ Màhì mú lẹ́rú nínú ogun. Obìnrin náà sọ òtítọ́ fún ọba ní gbangba. Wọ́n fìyà jẹ ẹ́. Àrẹ̀mọ ọba, Vidaho, ń fẹ́ ẹ, ó kọ̀. Nígbà tí a ṣẹ́gun Hounjroto tí a sì gbé orí Toffa wálé, ó ní kí a sin òun láàyè pẹ̀lú orí ọkọ òun.

Bí a bá ń wá ẹni tí kò yí padà, òun nìyí. Ohun tí ó wí ní ìbẹ̀rẹ̀ ni ó wí ní òpin. Síbẹ̀, kò sí òǹkàwé tí yóò parí ìwé náà tí yóò ní ẹnì kan náà gan-an ni òun bá pàdé ní ojú ìwé kìíní. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìfẹ́ aya sí ọkọ rẹ̀ jẹ́ ohun tí a ń rí lójoojúmọ́. Ìjìyà kan dé, a rí i pé ìfẹ́ náà ju bí a ti rò lọ. Ìdánwò mìíràn dé, ó tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀dá-ìtàn dúró, iye tí òǹkàwé mọ̀ pé ìdúró náà ń náni ni ó ń gòkè. Ọgbọ́n àlọ́ ni èyí, ṣùgbọ́n a yí i sí òdì kejì. Ìjàpá dúró sínú ibi, olùgbọ́ sì kọ́ láti yẹra. Doguicimi dúró sínú òtítọ́, òǹkàwé sì kọ́ láti wọn ara rẹ̀.

7. Ohun tí ó kan olùkọ́ ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà

A lè wá rí i pé ibi mẹ́ta ni ìyípadà máa ń fìdí kalẹ̀ sí nínú àwọn ìwé wọ̀nyí. Ti Sẹ̀gilọlá wà nínú ìrònú. Ti Àkàrà-Ògùn wà nínú ohun tí ó ń lo agbára rẹ̀ fún. Ti Doguicimi wà nínú òǹkàwé. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, orúkọ dúró, ìwà náà sì ni a pa dà tàbí tí a dán wò. A kò fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Èyí yàtọ̀ sí ti Bunyan àti ti Hugo, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kì í ṣe àléébù.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá àríyànjiyàn àwọn lámèyítọ́. Àgbàlagbà tí ó jókòó sínú kíláàsì ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní Pọ́bẹ̀ẹ́ kò wá láìníwà. Ó ti tọ́mọ, ó ti sìnkú, ó ti ṣèdájọ́ láàárín ẹbí. Ìwé pélébé tí ó sọ fún un pé ọ̀lẹ kan gbọ́ ẹ̀kọ́ kan ní ọjọ́ Ajé, ó sì di òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ń pa irọ́ fún ẹni tí ó mọ ènìyàn ju ìwé náà lọ. Kò ní bá olùkọ́ jiyàn, nítorí ìtẹríba. Ṣùgbọ́n yóò kẹ́kọ̀ọ́ pé ohun tí a kọ sínú ìwé kì í ṣe òtítọ́. Ìpalára ńlá ni èyí fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbẹ́kẹ̀ lé ìwé. Ó tún bu ẹni náà kù, nítorí ó ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé ìwé kíkà yóò sọ ọ́ di ẹlòmíràn, bí ẹni pé ẹni tí ó ti jẹ́ kò tó nǹkan.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń kọ ìtàn fún irú òǹkàwé bẹ́ẹ̀ lè fi ìbéèrè mẹ́ta yẹ òpin ìtàn rẹ̀ wò, olùkọ́ náà sì lè bi kíláàsì ní àwọn ìbéèrè kan náà. Kí ni ẹ̀dá-ìtàn náà rò kí ó tó yí padà, ṣé a sì fún un ní àyè láti rò ó? Kí ni kò yí padà nínú rẹ̀, tí a ṣì fi lè dá a mọ̀? Bí òun kò bá yí padà rárá, ta ni ó yí padà nítorí rẹ̀? Ìtàn tí kò lè dáhùn ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò tíì parí, bí ojú ìwé rẹ̀ tilẹ̀ ti tán.

Ọ̀rọ̀ tí a ó máa lò pàápàá gba àkíyèsí. Àwọn kan ń fi ìdàgbàsókè túmọ̀ ohun tí àwọn ará Faransé ń pè ní évolution ti ẹ̀dá-ìtàn. Ìdàgbàsókè gba pé òkè nìkan ni ènìyàn ń lọ, kò sì bá Sẹ̀gilọlá mu, bẹ́ẹ̀ ni kò bá Doguicimi mu. Ìpìwàdà, tí a bọ́ kúrò lára ìrònúpìwàdà, yóò ṣe iṣẹ́ náà dáadáa: yóò jẹ́ kí a lè sọ pé ìpìwàdà pẹ́, pé ó yá jù, tàbí pé kò sí. Nígbà tí ó bá sì ní ìrònú níwájú, a ó pe odindi orúkọ rẹ̀.